Ìbọn Ọdẹ́gbilé Tí Wọ́n Yọ Apátí Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?" Ọ̀rọ̀ náà a máa rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Apátí ni ìka ń fà kí ìbọn tó dún. Èyí tí kò bá ní in, ṣé ó yàtọ̀ sí ọ̀pá lásán ni? Kí ló wá ń bani lẹ́rù níbẹ̀? Ìlú Ìdóògún ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀.

Òfin kan wà nílùú náà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn ní gbangba àfi ẹni tí ó bá kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ Olúọdẹ, tí Olúọdẹ sì so awọ ẹtu mọ́ ìdí ìbọn rẹ̀ fún àmì. Ẹni tí ó gba àmì pàápàá, ilẹ̀ ni yóò dojú ìbọn kọ bí ó bá ń kọjá láàárín ilé.

Nígbà tí Ọdẹ́gbilé kú sínú igbó, ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tí ó pa á. Wọ́n bá ìbọn rẹ̀ ní ìdúró láàárín ọ̀nà. Kò fara ti igi, kò fara ti òkúta. Alágbẹ̀dẹ yọ apátí rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún Àjàgbé ọmọ rẹ̀.

Ògúnmọ́dẹdé, Olúọdẹ ìlú, ní, "Bí o bá kọ́ṣẹ́ tán, wá gba apátí."

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni Àjàgbé fi kọ́ṣẹ́. Igi lásán ni wọ́n ní kí ó máa gbé kiri, ó ní òun kì í ṣe ọmọdé. Ó gbé ìbọn bàbá rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń yan káàkiri ìgboro. Bí ó bá rí ẹni tí kò fura, á kọjú rẹ̀ sí i, á ké "Gbàù!", á sì bú sẹ́rìn-ín. "Kò mà ní apátí! Òfin kò mú un!"

Àwọn tí ó ń kọjú rẹ̀ sí kì í bá a rẹ́rìn-ín. Ahunṣọ kan ní òun gbọ́ tí ẹnìkan ń mí nínú ọ̀pá ìbọn náà. Obìnrin kan ní ìbọn náà pe òun ní orúkọ tí ìyá òun nìkan fi ń pe òun, ìyá náà sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án. Ewúrẹ́ kì í gba iwájú ilé Àjàgbé kọjá mọ́.

Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bá a wí. "Àjàgbé, mo fọwọ́ kan ìbọn yẹn láàárọ̀, ó gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Dá a padà fún wọn."

"Oòrùn ló pa á, ẹ̀gbọ́n mi."

"Inú yàrá ló sùn. Oòrùn wo?"

Ojú ń ti Àjàgbé láti padà lọ gbé igi kiri.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ọdẹ àti alágbẹ̀dẹ péjọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé Olúọdẹ. Àjàgbé yọ sí wọn tòun tìbọn.

"Ọmọ Ọdẹ́gbilé," ni Olúọdẹ wí, "dojú nǹkan yẹn kọlẹ̀."

Àyà Olúọdẹ gan-an ni Àjàgbé kọjú rẹ̀ sí. Arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún nà gbalaja sílẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ bú sẹ́rìn-ín.

Àjàgbé ní, "Baba, ẹ̀yin tí ẹ pa ẹkùn! Ṣé irin tí kò ní apátí lẹ ń sá fún?"

Orí ilẹ̀ níbẹ̀ ni bàbá ti dáhùn: "Ó ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú ìbọn sí òun?"

Ẹ̀rín kò tíì tán lẹ́nu wọn tí ìbọn fi dún.

Ẹnikẹ́ni kò rí iná, ẹnikẹ́ni kò rí èéfín. Ṣùgbọ́n ògiri lu jáde kedere, níbi tí àyà Olúọdẹ wà kí ó tó dojú bolẹ̀. Àjàgbé ju ìbọn nù. Alágbẹ̀dẹ gbé e, ó wo ẹnu rẹ̀. Alántakùn ti ta òwú dí i, òwú náà kò sì já.

Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó. "Baba, n kò fọwọ́ kan nǹkankan."

"Mo mọ̀," ni Olúọdẹ wí. "Ṣùgbọ́n ìwọ lo kọjú rẹ̀ sí mi."

Wọ́n ri ìbọn náà mọ́lẹ̀ nínú igbó. Àjàgbé padà kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta náà pé, síbẹ̀ kò gbé ìbọn mọ́ láyé rẹ̀. Iṣu ló ń gbìn títí ó fi kú. Láti ìgbà náà ni ó ti jẹ́ pé, bí ẹnìkan bá ń fi ohun tí ń pani ṣeré, tí ó ní eré lásán ni, àgbà kì í bá a jiyàn. Wọn a kàn yẹra kúrò níwájú rẹ̀, wọn a ní: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ní jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọjú rẹ̀ sí òun?