Ilá Ìyá Òkété

Ààlọ́ o!
*Ààlọ̀!*

Àlọ́ mi já sóko ilá Ìyá Òkété. Erin ọba ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kórè, àfi tí òun bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tí ilá tó ká, Òkété pe Erin. Ó ní òun ń wẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Òkété tún pè é. Ó ní òun ń sùn. Nígbà tó fi di ọjọ́ karùn-ún, ilá àkọ́so ti le bí igi. Inú bí Òkété, ẹ̀yin ọmọ! Ó fa ọ̀bẹ yọ. Ẹ bá mi gbè é:

Ilá mi ò ní gbó dànù,
*Ká a!*
Bí Erin fẹ́, bó kọ̀,
*Ká a!*

Erin sáré dé. "Ta ló fún ọ láṣẹ?"

Òkété na ilá tó ti le sí i. "Ẹ gbà, Kábíyèsí. Èyí ló dúró dè yín."