Ìyàwó Tó Jókòó Sáàárín Ìkòkò Aró Méjì

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Bí aró bá kọ̀, eérú là á kọ́kọ́ bi, a kì í bi ìyàwó." Ẹ ti gbọ́ ọ rí, kò sí àní-àní. Ó sì lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí ẹ̀yin náà di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni wọ́n pa á fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni ìyàwó náà? Kí sì ni eérú ṣe tí wọ́n fi ní ká bi í? Ẹ fara balẹ̀, kí n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó náà. Ọmọ àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ni, láti abúlé kan lókè odò. Akínṣọlá ló fẹ́ ẹ wá sí agbo-ilé àwọn aláró ní Ìdí-Èlú. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ dénú, ó sì fẹ́ràn agbo-ilé náà pẹ̀lú, nítorí pé bí àwọn obìnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣẹ̀fẹ̀, ọwọ́ gbogbo wọn dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Ohun kan ṣoṣo tó ń dùn ún ni pé ọwọ́ tirẹ̀ mọ́ sáká. Òfin ilé náà ni pé ìyàwó tuntun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò aró títí oṣù méjì yóò fi pé. Omi ló ń pọn, igi ló ń ṣẹ́, ó sì ń wo àwọn tó kù.

Kò tíì lo oṣù kan tí aró fi kọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ iṣẹ́ aró, ẹ gbọ́. Wọ́n á kó eérú sínú ajere, ìyẹn ìkòkò tí wọ́n lu nídìí, wọ́n á da omi sí i, omi eérú á sì máa kán sínú ìkòkò tó wà nísàlẹ̀. Omi yìí ni wọ́n á fi rẹ ewé èlú tí wọ́n ti gún fún ọjọ́ mélòó kan, aró á sì dé. Lọ́tẹ̀ yìí, aró kò dé. Wọ́n ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó jáde bí aṣọ tí wọ́n fi nulẹ̀. Ìkòkò mẹ́fà ni wọ́n pò, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kọ̀.

Ìyálé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Adéọtí. Obìnrin dáadáa ni, ọwọ́ rẹ̀ yá síṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ lọ.

"Ta ló dé sílé yìí láìpẹ́?" ni ó bèèrè.

Gbogbo ojú yí sí Àwẹ̀ró.

"Kí ó tó dé, ǹjẹ́ aró wa kọ̀ báyìí rí? Ó dé, aró kọ̀. Kí la tún ń wá?"

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá mi, n kò fọwọ́ kan ìkòkò kankan."

"A kò ní o fọwọ́ kàn án. Ẹsẹ̀ tí o gbé wọlé ni."

Ọ̀rọ̀ dé ibi tí kò lójútùú. Bí Àwẹ̀ró bá sunkún, wọ́n á ní ohun tó ṣe ló ń dà á láàmú. Bí kò bá sunkún, wọ́n á ní ẹ ò rí i bí ojú rẹ̀ ṣe gbẹ. Akínṣọlá bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n ní ìfẹ́ ló fọ́ ọ lójú. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé gbogbo ilé ló ń wí i, gbogbo ilé kò sì lè parọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹnu Ìyá Adéọtí nìkan ni gbogbo ilé ti gbọ́ ọ. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan pé lọ́jọ́ ọjà, tó ku ọjọ́ márùn-ún, wọn á dá a padà sílé baba rẹ̀.

Inú Àwẹ̀ró bàjẹ́ gidigidi. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí òkìtì eérú wà, kó lè rí ibi sunkún. Níbi tó jókòó sí, ọwọ́ rẹ̀ ń fi eérú ṣeré. Ọmọ ọlọ́ṣẹ sì ni. Láti kékeré ló ti ń tọ́ omi eérú wò kí ìyá rẹ̀ tó fi se ọṣẹ. Ó bu díẹ̀, ó fi omi pò ó ní àtẹ́lẹwọ́, ó fi ahọ́n kàn án. Omi eérú tó dára a máa ta ahọ́n, a sì máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ilá. Èyí kò ta, kò yọ̀, ó tẹ́ bí omi lásán. Ẹkún gbẹ lójú Àwẹ̀ró. Eérú tí òjò ti fọ̀ nìyí.

Ó tọ Ìyá Àgbà lọ, olórí gbogbo aláró, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó dá mi padà, ẹ po aró méjì. Ẹ fi eérú ẹ̀yìnkùlé po ọ̀kan. Ẹ fi eérú gbígbẹ ìdí ààrò po ìkejì. Èmi á jókòó sáàárín wọn, ẹsẹ̀ kan níhìn-ín, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ mi ló ń ba aró jẹ́, méjèèjì á kọ̀, èmi fúnra mi á di ẹrù mi."

Ìyá Àgbà wò ó títí. "Ó dáa," ni ó wí. "Lọ gbé àpótí rẹ wá."

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Àwẹ̀ró fi jókòó sáàárín ìkòkò méjì. Akínṣọlá ló ń gbé oúnjẹ wá bá a. Àwọn tó ń kọjá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Àwẹ̀ró, nínú àwọn orogún rẹ méjèèjì yìí, èwo ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára àwọn ìkòkò náà. Bí ìkòkò kejì náà bá kọ̀, kò tún ní ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, gbogbo ilé pé jọ. Ìyá Àgbà ki aṣọ funfun bọ ìkòkò kìn-ín-ní. Ó jáde láwọ̀ omi ìfọbọ́. Ó ki òmíràn bọ ìkejì. Èyí jáde bí àwọ̀ ewé, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó sì ń dúdú lọ lójú gbogbo wọn títí ó fi rí minimini.

"Ẹsẹ̀ kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì," ni Ìyá Àgbà wí. "Eérú ló yàtọ̀. Ta ló ṣí eérú wa sílẹ̀ fún òjò?"

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wúkọ́. Ó ní lọ́jọ́ ìgbéyàwó Àwẹ̀ró, àlejò pọ̀, ẹní kò tó. Ẹnìkan lọ ká àwọn ẹní tí wọ́n fi ń bo òkìtì eérú, ó gbọ̀n wọ́n, ó tẹ́ wọn fún àlejò. Òjò sì rọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ìyá Adéọtí, ṣé kì í ṣe ìwọ ni?" ni arúgbó náà wí. "Ìwọ náà lo jókòó sórí èyí tó fẹ̀ jù."

Ìyá Adéọtí yanu, ó pa á dé, ó tún yà á. "Ẹ ò rí i bí mo ṣe wí? Bí kì í bá ṣe ti ìgbéyàwó rẹ̀, ṣé mo máa ká ẹní ni?"

Ẹ̀rín bú. Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tó nu ojú rẹ̀ tán ló wá wí pé, "Láti òní lọ nínú ilé yìí, bí aró bá kọ̀, eérú là á kọ́kọ́ bi, a kì í bi ìyàwó." Oṣù méjì kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó mú ọwọ́ Àwẹ̀ró, ó fi bọ inú aró náà dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá Adéọtí sì sún mọ́ ọn, ó rọra wí pé, "Ìyàwó wa, má bínú. Ẹnu mi ló ṣáájú ojú mi."

Ibẹ̀ ni òwe náà ti wá. Àwọn àgbà a máa pa á nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, tí àwọn èèyàn kò wo nǹkan náà fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó dé gbẹ̀yìn ni wọ́n ń nàka sí, tí wọ́n ń wí pé nítorí pé èyí tẹ̀ lé ìyẹn, ìyẹn ló fà á. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń pa á nígbàkígbà ní Ìdí-Èlú tó Ìyá Adéọtí. Ẹni tó bá sì gbọ́n, bó bá ti gbọ́ ọ, yóò kọ́kọ́ lọ wo ibi tí òun ti ká ẹní tí òun jókòó lé.