Apá Tí Ó Ń Hù

Obìnrin kan wà létí òkun tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wọn bí ara ṣe ń hù padà. Kì í ṣe ara ènìyàn o. Ẹran òkun kan ni, tí apá rẹ̀ márùn-ún nà káàkiri bí ìràwọ̀, tí kò lórí, tí kò nírù. Bí ẹja bá já apá rẹ̀ kan jẹ, òmíràn á hù rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó gbà á síṣẹ́ gé apá kan lára ọ̀kan nínú ẹran yìí, wọ́n fi ẹran náà sínú àwo omi òkun, wọ́n ní kí obìnrin yìí máa wọn apá tó bá hù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ó ṣe ń yá hù sí.

Apá tuntun yọ lóòótọ́, ó kéré bí orí ìka ọmọ ọwọ́. Ni ẹ̀rù bá bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin náà. Bí kò bá hù dáadáa, iṣẹ́ rẹ̀ di òfo, wọ́n á sì yọ ọ́. Kò lè dúró de ọ̀sẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ni ó ń gbé ẹran náà kúrò nínú omi, tí ó ń na apá náà sórí rúlà kí ó lè tọ́. Ìrọ̀lẹ́ dé, ó tún gbé e. Bó ṣe wà lánàá náà ló wà. Ó pààrọ̀ omi, ó pààrọ̀ oúnjẹ, oorun dá lójú rẹ̀.

Ọ̀gá rẹ̀ ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, kí ó fi ẹran náà lọ́rùn sílẹ̀.

Obìnrin náà ní, “Mà, bí mi ò bá wọ̀n ọ́n, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń hù?”

Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń nà án, apá náà jábọ́ sí i lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Kò já a o. Ìwà ẹran náà nìyẹn: bí nǹkan bá ń fà á lápá jù, á jọ̀wọ́ apá náà, á gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là. Ọ̀tá ni ó ka ọwọ́ obìnrin náà sí. Obìnrin náà jókòó, ó sunkún.

Àlàó, o ti mọ ẹni tí mò ń bá wí. O ṣẹ ìyàwó rẹ, o bẹ̀ ẹ́, ó ní òun ti gbọ́. Láti ìgbà náà, kò sí àárọ̀ tí o kì í bi í pé, “Ṣé inú ẹ ti yọ́?” Bí ó rẹ́rìn-ín, o ní ẹ̀rín náà kò dénú. Bí ó dákẹ́, o sáré wá bá mi. Ẹ̀rù ń bà ọ́ kó má lọ, mo mọ̀. Ẹ̀rù yẹn gan-an ni yóò lé e lọ. Padà sílé. Bí ó bá gbé oúnjẹ fún ọ lónìí, jẹ ẹ́, dúpẹ́, kí o fọ abọ́. Má bi í léèrè ohunkóhun.