Àga Ìyá Mojírọ́lá
Alága ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣe ohun tí kò tọ́: òfin ní kí ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣí sílẹ̀ fún aráàlú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ta ilẹ̀ ilé ìgbẹ̀bí, ó lé wọn síta. Ó ní, “Ẹni tí kò bá ní àga kò gbọdọ̀ dúró nínú gbọ̀ngàn!” Ìyá Mojírọ́lá, tí wọ́n yá gbogbo àga inú gbọ̀ngàn lọ́wọ́ rẹ̀, kúnlẹ̀: “Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ n kó àga mi.” Ó kó wọn tán pátápátá, ó tò wọ́n sábẹ́ igi ọ̀dán. Alága figbe ta: “Ìyá, àwa ńkọ́?” “Òfin yín náà ni, sà. Ẹ máa bọ̀ níta!” Aráàlú bú sẹ́rìn-ín. Ìpàdé bẹ̀rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò sì sẹ́ni tó lè dárúkọ ilẹ̀ títà mọ́. Alága dọ̀bálẹ̀ fún aráàlú: “Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ foríjì mí.”