Ìdògbé àti Ẹṣin Márùn-ún ti Adágún Àìmì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ fi etí sílẹ̀ fún mi. Ẹ fẹ̀yìn ti ohun tí ó bá wà nítòsí yín, nítorí ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn jìn ju ibi tí ẹsẹ̀ lásán lè dé lọ, ìyanu inú rẹ̀ sì pọ̀ bí ewé igbó.

Ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ìdògbé, olùtọ́jú ẹṣin ọba, adúró-gbọn-in bí òpó ààfin, ẹni tí ẹṣin olóríkunkun ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí ó sì ń tẹrí ba. Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún: bí ó bá ti di ojú, ọkàn rẹ̀ a máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka bí ọ̀bọ, láti orí ọmọ tí ó kú dé orí ọbẹ̀ tí ó jóná, títí ara rẹ̀ fi gbẹ bí igi ìdáná tí ikú sì ń yọjú sí i. Wọ́n ní omi Adágún Àìmì nìkan ni ó lè gbà á. Igbá kan tí ó kún yóò wò ó sàn pátápátá.

Ìdògbé la igbó tí àwọn igi rẹ̀ ń fi gbòǹgbò rìn kọjá, ó gun òkè tí òjò ibẹ̀ ń rọ̀ sókè, ó sì dé etí adágún kan tí kò mì rárá, tí ìkuukùu ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ gan-an ni a dá a sí. Bàbá arúgbó kan, ará Íńdíà, ni ó ń ṣọ́ ọ. Ó bu omi kún igbá tí kò ní ọmọrí, ó sì gbé e sínú kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin márùn-ún ń fà.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “àwọn ìwé mímọ́ ilẹ̀ wa sọ pé kẹ̀kẹ́ ni ara ènìyàn. Ojú, etí, imú, ahọ́n àti awọ ara ni ẹṣin rẹ̀, àwọn márùn-ún tí o ń wò yìí gan-an. Ọkàn ni okùn ìjánu, làákàyè ni ó sì ń darí wọn. Má jẹ́ kí okùn náà dẹ̀.”

Ìdògbé rẹ́rìn-ín. “Bàbá, inú ibùso ẹṣin ni wọ́n bí mi sí. Ẹ fi ti ẹṣin sílẹ̀ fún mi.”

“Mo gbọ́. Àwọn ẹṣin wọ̀nyí ni kò tíì gbọ́.”

Wàyí o, ní ìlú Ìdògbé, bí a bá fẹ́ kí ẹṣin rìn dáadáa, oríkì ni a óò máa fi yìn ín. Ó bẹ̀rẹ̀: “Ẹlẹ́sẹ̀ ìjì! Ìwọ tí o jùrù tí ọba yà lọ́nà!” Háà! Àwọn ẹṣin náà wú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà pé òun ni olúwa kẹ̀kẹ́. Ẹṣin ojú sáré lọ síbi òdòdó aláwọ̀ wúrà, ti imú yà síbi ẹran sísun, ti etí kọrí síbi orin àwọn iwin. Kẹ̀kẹ́ fì, igbá fì, omi ń dà sílẹ̀. Bí ẹ̀rù ti ń ba Ìdògbé ni ó túbọ̀ ń yìn wọ́n kíkankíkan, nítorí ohun tí ó mọ̀ ṣe nìyẹn. Ìgbà tí ó rí i pé omi ti ku ìdajì ni ó tó pa ẹnu mọ́, tí ó di okùn mú. Wọ́n yà, ó fà wọ́n padà. Wọ́n tún yà, ó tún fà wọ́n padà, láìbínú, láìyìn, nígbà àìmọye, títí ó fi dé ilé.

Àwẹ̀ró wo inú igbá. “Ṣé ẹ mu nínú rẹ̀ lọ́nà ni?”

“Ẹnu mi ni ó da ìyókù nù, Àwẹ̀ró. Ẹṣin ni mo ń yìn.”

“Mo mọ̀. Èmi tí mo ń se oúnjẹ yín, ẹ ò yìn mí tó bẹ́ẹ̀ rí.” Ó mu ún, ó sì sùn.

Ìdajì omi, ìdajì oorun: láti ìgbà náà, ikú kò yọjú sí Àwẹ̀ró mọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá sùn lónìí, kì í sùn lọ́la. Ní ọjọ́ àìsùn, Ìdògbé a jókòó tì í, a di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bí ọkàn rẹ̀ bá ti fò lọ, a rọra pè é padà.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe máa fi oríkì wú ojú àti ahọ́n yín lórí. Ọkàn yóò sá lọ, àdámọ́ rẹ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ tiwa ni kí a fà á padà, kí ó má sì sú wa.