Ọkọ̀ Onífìlà Bàbá Ọdẹ́túndé

Ní ìlú Ìdó-Àgbọn, kò sí ọmọdé tí kò mọ ọkọ̀ Bàbá Ọdẹ́túndé. Òrùlé ọkọ̀ náà kì í ṣe irin bíi ti ọkọ̀ yòókù. Aṣọ dúdú tó nípọn ni, tí wọ́n nà sórí egungun irin. Bí Bàbá bá tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó rẹ̀, ìdérí búùtù á ṣí fúnra rẹ̀, òrùlé á dìde, á ká ara rẹ̀ bí ẹní, á sì wọnú búùtù lọ. Nítorí pé ó ń ṣí orí bí ẹni tó ń kí àgbà, "ọkọ̀ onífìlà" ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni Bàbá ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, ọkọ̀ yìí nìkan sì ni fàájì tó fún ara rẹ̀.

Àfi bí rọpárọsẹ̀ ṣe kọlu Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ṣùgbọ́n apá ọ̀tún rẹ̀ rọ jọwọlọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún sì le gbagidi tí kò ṣeé ká. Àwọn oníṣègùn ní Òṣogbo ní kí wọ́n máa gbé e wá lóòrèkóòrè kí àwọn lè máa bá a na iṣan. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ẹsẹ̀ tí kò ṣeé ká kò gba ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀ kankan wọlé ní ìjókòó. Wọ́n tẹ́ ẹ sínú bọ́ọ̀sì nígbà kan, ó sì sunkún. Ó ní òun kò tíì kú tí wọ́n fi ń gbé òun bí òkú. Ìyàwó rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́, ló ronú kan ọkọ̀ onífìlà. Wọ́n ṣí òrùlé, àwọn ọmọ Bàbá ọkùnrin gbé e sókè, wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti òkè sórí ìjókòó ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ, tí wọ́n ń bọ̀, títí ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mira díẹ̀díẹ̀.

Ìgbà náà ni òrùlé kọ̀ tí kò ṣí mọ́.

Wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Gbádégẹṣin, tí wọ́n ń pè ní Gbádé, mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn ọjà ìlú. Ọkùnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í tètè juwọ́ sílẹ̀. Kò tún irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ṣe rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Màmá Àṣàkẹ́ láìfi bò; ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní gbé e sílẹ̀ láìjẹ́ pé ó ṣí. Ó tú búùtù. Ó bá pọ́ǹpù kékeré kan níbẹ̀ tó ń ti ọ́ìlì gba inú họ́ọ̀sì tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú àwọn apá irin tó ń gbé òrùlé. Rọ́bà tó dí ẹnu apá kan ti jẹrà, ọ́ìlì sì ti jò sílẹ̀. Inú Gbádé dùn, ó rò pé òun ti rí ọ̀daràn. Ó pààrọ̀ rọ́bà náà, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i, ó tẹ bọ́tìnnì. Òrùlé kò mira.

Ó so pọ́ǹpù mọ́ bátìrì ní tààrà, pọ́ǹpù dún, síbẹ̀ òrùlé kò gbéra. Ó ní á jẹ́ pé ó ti rẹ pọ́ǹpù. Ó wá òmíràn lọ sí Ìbàdàn, ó fi sí i, ibi tí ọ̀rọ̀ wà náà ló ṣì wà. Ó wá kọjú ìjà sí àwọn apá irin. Ó tú wọn, ó fọ̀ wọ́n, ó dán wọn, ó tún wọn tò. Nígbà tí wọn kò tún dìde, ó fi òpó irin kan ti ọ̀kan nínú wọn títí irin fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kí ó fi ayùn gé òrùlé náà kúrò, kí gbogbo ènìyàn sinmi. Màmá Àṣàkẹ́ pàápàá, tí àìlọ sí Òṣogbo ti ń dà láàmú, ní bó bá jẹ́ gígé náà ni, kí ó gé e. Gbádé ní rárá. Ó ní òjò ti ń ṣú, òun kò sì ní sọ ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn di agbada tí yóò máa gba omi òjò sí i lára.

Ìka Bàbá tó ti ń mira tẹ́lẹ̀ tún ti ń le padà. Olùtọ́jú tó ń bá a na iṣan ní Òṣogbo, obìnrin kan tó ń jẹ́ Bọ́láńjí, gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí, ó sì wá sí Ìdó-Àgbọn kí ó lè kọ́ Màmá Àṣàkẹ́ ní ohun tí yóò máa ṣe nílé. Ọjọ́ náà ni Gbádé lọ jẹ́wọ́ fún wọn pé gbogbo ohun tí òun mọ̀ ti tán. Ó bá wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá jókòó, apá ọ̀tún rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì lù ú pẹ̀lú ìbínú. Ó ní apá ọ̀lẹ ni, ó ti kú, kí wọ́n yé yọ ara wọn lẹ́nu.

Bọ́láńjí di ọwọ́ òsì náà mú.

"Bàbá, ẹ má lù ú mọ́. Apá yín ò kú, kò sì ya ọ̀lẹ. Orí ló máa ń ránṣẹ́ sí apá pé kó dìde. Ojú ọ̀nà tí iṣẹ́ ń gbà kọjá ló bàjẹ́. Iṣẹ́ tí ẹ rán sí i ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀."

Gbádé dúró sójú kan. Ó gbàgbé ohun tó bá wá. Ó rántí irin tó ń ké lábẹ́ òpó tó fi ń tì í, ìtìjú sì mú un. Ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó yíjú padà sí ibi iṣẹ́.

Kò fọwọ́ kan apá irin mọ́. Ó mú gílóòbù kékeré tó fi ń dán iná wò, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bọ́tìnnì, ó sì ń tọ wáyà lẹ́yìn bí ọdẹ ṣe ń tọ ojú ẹsẹ̀ ẹran. Lábẹ́ ìjókòó iwájú, gílóòbù tàn. Lábẹ́ tẹ̀yìn, ó tàn. Nígbà tó dé inú búùtù, kò tàn mọ́. Láàárín méjèèjì, wáyà gba inú rọ́bà dúdú kan kọjá níbi ìdè ìdérí búùtù, níbi tó ti ń ká tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tí búùtù bá ṣí. Rọ́bà náà ń dán, kò ní àpá kankan lára. Gbádé fi abẹ là á. Wáyà méjì ti já sínú rẹ̀, ọ̀kan ti pọ́ǹpù, èkejì ti ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣínà fún ọ́ìlì, èyí tó mú kí pọ́ǹpù dún lásán, ìpẹtà aláwọ̀ ewé sì ti bo ẹnu wọn. Láti ọjọ́ yìí wá, bọ́tìnnì ń ránṣẹ́, iṣẹ́ ń kú sójú ọ̀nà.

Ó gé ibi tó pẹtà dànù, ó fi wáyà tuntun mú wọn gùn sí i kí wọ́n má baà fà mọ́, ó jó wọn pọ̀, ó sì dì wọ́n dáadáa. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ìdérí búùtù ṣí, òrùlé gbéra, ṣùgbọ́n nígbà tó dé agbede méjì, ó ń gbọ̀n, ó sì dúró. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mi orí. Gbádé kò wò ó. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló há sínú ọ́ìlì nígbà tí òun ń tú apá irin kiri. Ó rọra ń gbé òrùlé lọ, ó ń dá a padà, ó ń bu ọ́ìlì kún un, títí afẹ́fẹ́ fi jáde tán. Lẹ́yìn náà ó tún bọ́tìnnì tẹ̀. Òrùlé dìde láìgbọ̀n, ó ká, ó wọlé, búùtù sì dé e mọ́lẹ̀ pẹ́. Gbádé jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ náà dé iwájú ilé, tó sì bá wọn sọ Bàbá kalẹ̀ sórí ìjókòó. Bàbá bi í léèrè ohun tó ṣe òrùlé náà.

"Bàbá, ohun tó ṣe apá yín náà ló ṣe é. Mo ń na apá irin lásán ni. Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì rán sí i ni kò dé."

Bàbá gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé apá ọ̀tún, ó sì ń fi pa á lára pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bẹ ọmọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Òṣogbo padà. Ó gba sùúrù, òjò kan sì lọ, òmíràn sì dé, kí ìka tó tún mira, kí ọwọ́ tó lè di ṣíbí mú. Ní òwúrọ̀ kan, kí wọ́n tó gbéra, Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má ṣí òrùlé. Ó ní kí wọ́n gbé àga òun sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n sì ṣí ilẹ̀kùn. Ó na apá ọ̀tún. Apá náà ń gbọ̀n, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀, Màmá Àṣàkẹ́ sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìka kan bà lé bọ́tìnnì, ó tẹ̀ ẹ́, òrùlé sì ṣí.

Ìròyìn náà tàn dé gbogbo Ìdó-Àgbọn. Títí di òní, bí òbí bá ń lu ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí a ní kó ṣe, tàbí tí ọ̀gá bá ń bú òṣìṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ṣàlàyé iṣẹ́ fún, ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn àgbà ìlú náà fi ń pẹ̀tù sí i, wọn a ní: Kí a tó pe apá lọ́lẹ, ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.