Ìkòkò Tó Là Lẹ́ẹ̀mẹta ní Òkè-Amọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ọ̀rọ̀ náà rújú díẹ̀. Ta ni yóò pe àgbà ní wèrè? Báwo sì ni ọgbọ́n tí ń bẹ lórí ẹlòmíràn ṣe lè gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀sín? Ẹ jẹ́ kí á dé Òkè-Amọ̀, níbi tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò.

Ọwọ́ Àwẹ̀ró wà nínú amọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn dé pé Ìyá Ojúọlápé, olórí ẹgbẹ́ amọ̀kòkò, sùn, kò jí mọ́. Kò ráyè fọ ọwọ́ kí ó tó sáré lọ. Ìyá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́ láti kékeré, òun náà ló sì ti sọ pé Àwẹ̀ró ni kí ó gba ipò òun.

Àwẹ̀ró mọ ìkòkò ju gbogbo wọn lọ. Ìpàdé ni kò mọ̀. Ìyá Ojúọlápé a máa ní kí wọ́n jókòó yípo, a sì máa béèrè ohun tí ọmọ ọdún méje mọ̀. Lójú Àwẹ̀ró, ogbó ló ń da ìyá náà láàmú. Nígbà tí ó di tirẹ̀, ó gbé àpótí síwájú, ó jókòó lé e, ó ń pàṣẹ.

Ní àsìkò náà ni amọ̀ tán nínú kòtò àtijọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí wa amọ̀ tuntun létí odò. Àwọn ìkòkò tí wọ́n kọ́kọ́ fi mọ là nínú iná.

"Ẹ fi igi kún un," ni Àwẹ̀ró wí.

Àwọn tí wọ́n sun lẹ́ẹ̀kejì là. Ó ní kí wọ́n dín igi kù. Ẹ̀kẹta là pẹ̀lú. Ní ọjà, àwọn oníbàárà ti ń wo ìkòkò ìlú kejì. Bí ẹ̀kẹrin bá tún là, ẹgbẹ́ tú nìyẹn.

"Fi kún un, dín in kù," ni Ṣìjúadé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wí fún ẹnì kan lẹ́yìn ògiri. "Àbí orí olórí wa ti ń yí ni?"

"Rọra, yóò gbọ́."

"Kí ó gbọ́. Bóyá yóò ní ká lọ sun ún nínú odò lọ́la."

Àwẹ̀ró gbọ́. Ó rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ odò yẹn dùn. Lẹ́yìn náà ni omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ tí ó bi Ìyá Ojúọlápé pé, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ ń béèrè ohun tí ẹ mọ̀?"

Ìyá náà dá a lóhùn pé, "Bí àgbà bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ìpàdé ti parí nìyẹn, ó ku ká kí ara wa pé ó dàbọ̀. Ẹni tó bá sì jókòó sẹ́yìn, ìpàkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò máa bá sọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró ti àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí gbogbo wọn yí òkìtì amọ̀ tuntun náà ká, kí wọ́n máa fọwọ́ pò ó.

"N kò mọ ohun tí ó ń ṣe amọ̀ yìí," ni ó wí. "Ẹni tó dé ẹgbẹ́ kẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ìbídùn ni, ìyàwó tuntun tí wọ́n gbé wá láti ìlú òkèèrè. Ilẹ̀ ni ó ń wò. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ìyá mi. Amọ̀ yìí ń yọ̀ jù lọ́wọ́. Nílé wa, a máa ń gún àpáàdì, a ó kù ú, a ó pò ó mọ́ ọn."

"Àpáàdì kò wọ́n wa," ni Ṣìjúadé wí. "Iṣẹ́ tí à ń ṣe láti oṣù tó kọjá nìyẹn."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ló la ẹnu àwọn yòókù. Ẹnì kan ní ọyẹ́ ti mú, kí wọ́n má sá ìkòkò síta mọ́, inú ilé ni kí ó ti máa gbẹ. Àwẹ̀ró fi ohun tí òun mọ̀ nípa iná kún un, òun ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wa eérú kúrò lórí àwọn tí wọ́n sun lẹ́ẹ̀kẹrin, Àwẹ̀ró ń fi ìka kan ìkòkò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dún gooro. Méjì péré ló là.

"Ó ku díẹ̀ ká pè ọ́ ní wèrè o," ni Ṣìjúadé wí.

"Mo gbọ́," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ọgbọ́n yín ni kò jẹ́."

Bí ó ṣe di òwe nìyẹn: ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

Kí oòrùn tó wọ̀, Àwẹ̀ró ru àmù tó tóbi jù nínú wọn lọ sí ẹnu ọ̀nà ilé Ìyá Ojúọlápé. Ó pọn omi kún un, ó sì fi igbá dé e, fún ẹni tí òùngbẹ bá ń gbẹ bí ó ti ń kọjá lọ.